Irin Tí Wọ́n Fi Fa Irin Lójú Mi

Irin rélùwéè kì í ṣe irin tí ń gbọ́rọ̀. Irin tí àwọn baba wa ń yọ́ láti inú ilẹ̀ máa ń rọ̀ nínú iná. Yóò tẹ̀ síbi tí a bá tẹ̀ ẹ́ sí, yóò sì gba òòlù bí ọmọ tó gba ìbáwí. Èyí tí àwọn òyìnbó kó wá, tí àwọn òṣìṣẹ́ gé kúkúrú tí wọ́n sì sọ sínú igbó lẹ́bàá ọ̀nà wọn, a máa ta padà sí ẹni tó ń lù ú. Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n irin náà wà nílẹ̀ lásán, ọkọ́ tí a bá sì fi rọ kì í tètè jẹ tán. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń gbé e wá sílé, tí wọ́n ń bú u, tí wọ́n sì ń lù ú.

Èmi kọ́ ló yẹ kí n wà nídìí ẹwìrì. Ọmọbìnrin kì í sábà jókòó síbẹ̀ nílé wa. Ṣùgbọ́n a ti kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin agboolé wa lọ síbi iṣẹ́ rélùwéè, pàṣán ló sì lé àwọn kan nínú wọn débẹ̀. Ó wá ku bàbá mi nínú àgbẹ̀dẹ, àwọn àti àbúrò wọn tí mò ń pè ní Bàbá Kékeré. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ fín iná. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Ẹni tó ń fín ẹwìrì kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, iná nìkan ló ń wò. Èmi tí n kò lè kí àlejò láìwo ilẹ̀, ibẹ̀ rọ̀ mí lọ́rùn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, bàbá mi fẹ́ gé irin rélùwéè kan sí méjì. Wọ́n fi ẹ̀mú di irin ìgé mú lé e lórí. Irin ìgé ni irin ẹlẹ́nu mímú tí a máa ń fi òòlù lù lórí kí ó lè gé irin mìíràn. Bàbá Kékeré gbé òòlù ńlá, ó lù ú. Irin kò gé. Ó tún lù ú.

"Ṣé o ò jẹun láàárọ̀ ni?" bàbá mi wí. "Lù ú bí ọkùnrin!"

"Ẹ̀gbọ́n, òyìnbó ló bí irin yìí," Bàbá Kékeré dáhùn. "Bóyá kí ẹ kọ́kọ́ bú u lédè ẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì fi gbogbo agbára rẹ̀ lù ú. N kò rí ohun tó fò. Ó kàn dà bí ẹni pé ẹnìkan fi nǹkan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́ gbá mi lójú òsì, mo sì ṣubú sẹ́yìn. Kò dùn mí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo rò pé iná ló ta sí mi. Nígbà tí mo gbé ọwọ́ kúrò, omi gbígbóná ń ṣàn lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Iná tí mò ń wò tẹ́lẹ̀ sì ti di pupa kan ṣoṣo tí kò ní etí.

"Ó ti fọ́ ọmọ mi lójú!"

Bàbá mi ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀mú tó wà lọ́wọ́ wọn ni wọ́n fi gbá Bàbá Kékeré lẹ́nu. Mo gbọ́ ìró eyín rẹ̀. Wọ́n tún gbá a léjìká, wọ́n gbá a lẹ́yìn, kò sì sá. Ó ju òòlù sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ń gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Ẹ máa lù mí, Ẹ̀gbọ́n! Ẹ máa lù mí! Ṣùgbọ́n ẹ wo ọmọ ná!"

Bàbá mi kò gbọ́. Ìyá mi ló sáré ti ìdí ààrò dé pẹ̀lú ọmọ-orógùn lọ́wọ́, òun ni wọ́n sì fi gbá ẹ̀yìn bàbá mi, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì, títí bàbá mi fi dáwọ́ dúró. N kò rí irú rẹ̀ rí nílé wa. Ẹnikẹ́ni kò sì tún mẹ́nu bà á títí di òní.

Nílé wa, bí irin bá ṣe ènìyàn léṣe, omi irin ni a fi ń wẹ egbò náà. Ìkòkò ńlá kan wà nínú àgbẹ̀dẹ tí a máa ń ti irin gbígbóná bọ̀ kí ó lè tutù. A kì í da omi rẹ̀ nù, à ń bu tuntun kún un ni. Àwọn abiyamọ máa ń wá bù ú wẹ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, àwọn tí eegun ń ro náà máa ń bù ú. Kò sí ẹni tí í béèrè bóyá ó dára fún ojú, nítorí kò sí egbò irin tí kò dára fún. Bàbá mi di orí mi mú sẹ́yìn, wọ́n fi àtàǹpàkò la ìpéǹpéjú mi, ìyá mi sì ń da omi dúdú náà sí i. Mo ta ẹsẹ̀, mo já irun ìyá mi tu. Láàárọ̀, a ṣe é. Nírọ̀lẹ́, a tún ṣe é. Bí ojú ṣe ń wú sí i ni omi ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ojú náà kò ṣeé là mọ́, orí mi ń fọ́ débi pé mo ń fi í gbá ògiri, nítorí ìrora ògiri sàn jù.

Ọkùnrin Haúsá kan máa ń wá sọ́jà wa, tó ń fi abẹ́rẹ́ la ojú àwọn arúgbó tí funfun ti bò. Ìyá mi gbé mi tọ̀ ọ́ lọ. Ó tú àpò awọ rẹ̀, ó mú abẹ́rẹ́ kan jáde tí wọ́n fi awọ wé ìdí rẹ̀ kí ó má baà wọlé ju ibi tó yẹ lọ. Ó fi àtàǹpàkò la ojú mi, ó wò ó pẹ́, ó sì dá abẹ́rẹ́ padà sínú àpò.

"Ìyá, abẹ́rẹ́ mi a máa ti nǹkan lọ sísàlẹ̀ ni," ó wí. "Kì í fa nǹkan jáde. Ohun tó wọ ojú ọmọ yìí ti kọjá ibi tí ọwọ́ mi ń dé. Ẹ tètè wá ẹni tó lè yọ ọ́. Mo ti rí irú ojú báyìí tó jẹrà tán, tó wá pe èkejì rẹ̀ tẹ̀ lé e."

Ìyẹn ni ìyá mi gbé délé. Kì í ṣe ojú kan mọ́, ojú méjèèjì ni.

"Dókítà rélùwéè," ni ìyá mi wí fún bàbá mi.

"Àwọn tó la oko iṣu mi kọjá? Àwọn tó ń fi pàṣán na àwọn ọmọ ilé yìí?"

"Bàbá ọmọ mi, oko ò ní ojú. Ọmọ yìí ní méjì. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ jókòó ti irin yín. Èmi á gbé e lọ."

Bàbá mi dìde. Bàbá Kékeré, tí ẹnu rẹ̀ ti wú bí òróǹbó, ló pọ̀n mí bí ọmọ ọwọ́, bí mo ti dàgbà tó. Kí a tó jáde, ó ki òòlù àti irin ìgé sínú àpò rẹ̀. Ó ní ẹnì kan kì í fi ọwọ́ lásán lọ sọ́dọ̀ àwọn ènìyàn yẹn.

Àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè wà lẹ́yìn ìlú nígbà náà, níbi tí wọ́n kó òkúta jọ gègèrè sí. Olórí òṣìṣẹ́ kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò jẹ́ ká kí i tán.

"Ẹ wò wọ́n! Àwọn olè irin!" ó wí. "Àwọn tó ń kó irin ìjọba nìyí. Kí lẹ tún wá jí?"

"Ojú ọmọ mi la gbé wá," bàbá mi wí.

"Ẹ gbé e padà. Ibí kì í ṣe ilé ìwòsàn àwọn olè."

Ó ju pàṣán. Bóyá Bàbá Kékeré ló fẹ́ nà, n kò mọ̀, apá mi ló bá. Bàbá mi gbá a mú lọ́rùn, wọ́n gbé e kúrò nílẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ sórí òkúta wẹ́wẹ́, wọ́n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ láyà. Mo gbọ́ bí èémí rẹ̀ ṣe ń hán. Àwọn òṣìṣẹ́ gbé ṣọ́bìrì, wọ́n ń sáré bọ̀. Bàbá Kékeré sọ mí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi, ó ti ọwọ́ bọ àpò.

"Ẹ fi í sílẹ̀! Bàbá, ẹ fi í sílẹ̀!" Ọkùnrin kan tó wọ bàtà ló ń pariwo bọ̀, ohùn Ẹ̀gbá ló fi ń sọ ọ́. "Bí ẹ bá pa á, èmi ni wọ́n máa ní kí n gbẹ́ sàréè ẹ̀, òkúta ilẹ̀ yín sì le!"

Òun ni dírẹ́sà, ìyẹn ẹni tó ń ran dókítà lọ́wọ́. Ó wo ojú mi níbi tí mo jókòó sí. Bàbá mi dìde kúrò lórí olórí òṣìṣẹ́ náà, dírẹ́sà sì tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tí a bá ti ewúrẹ́ kúrò lójú ọ̀nà, ó sì ní kí a máa bọ̀.

Dókítà náà kò kí wa, àwa náà kò kí i. Òyìnbó kúkúrú kan ni, oòrùn ti bó o lọ́rùn. Ó ṣí àpótí kan sórí tábìlì. Aṣọ àlùkò ni wọ́n tẹ́ sínú rẹ̀, irin kọ̀ọ̀kan sì ní ibùsùn tirẹ̀. Mo fi ojú mi tó kù wò wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ wáyà tí wọ́n tẹ̀ bí ẹsẹ̀ ẹyẹ, tí wọ́n ń fi la ìpéǹpéjú kí ó má lè padé. Ọ̀bẹ kan wà tó tín-ín-rín ju ewé koríko lọ. Ìkọ́ wà níbẹ̀ tí kò ju èékánná ọmọ àdàbà lọ. N kò mọ̀ pé a lè rọ irin kéré tó bẹ́ẹ̀ kí ó má sì jóná. Bàbá mi gbàgbé ìbínú wọn fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́ àpótí náà.

"Ta ló rọ àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn ará ìlú òyìnbó ni."

"Èédú wo ni wọ́n fi ń dáná?"

"Bàbá," dírẹ́sà wí, "ojú ọmọ yín lẹ gbé wá, ẹ ò wá kọ́ṣẹ́."

Dókítà mú dígí kékeré kan tó ní ihò láàárín. Ó pa fèrèsé dé, ó tan fìtílà, ó ń gba inú ihò náà yọjú wo inú ojú mi, ó sún mọ́ mi débi pé mò ń gbóòórùn tábà lẹ́nu rẹ̀. Ó bá dírẹ́sà sọ̀rọ̀ pẹ́. Dírẹ́sà wá yíjú sí bàbá mi.

"Ó ní inú ojú dà bí yàrá. Ìmọ́lẹ̀ ń gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ó ń bọ́ sára ògiri ẹ̀yìn. Ara ògiri yẹn la fi ń ríran. Irin yìí ti la yàrá kọjá, ó ti gún ògiri náà nísàlẹ̀. Bí ó bá pẹ́ níbẹ̀, á dípẹtà, ojú á kú. Èkejì lè bá a lọ."

"Bí ẹ bá fà á ńkọ́?"

"Ó lè kú náà. Ó sì lè yè. Bí a ò bá fà á ni kò ní í yè."

Irin tí wọ́n fẹ́ fi fà á kò sí nínú àpótí. Ó dá wà lórí tábìlì, ó nípọn tó àtàǹpàkò ọkùnrin, wáyà sì yí i ká bí òwú ti í yí ìrànwú ká. Orí rẹ̀ rí ṣóńṣó bí ẹnu ẹyẹ. Wáyà rẹ̀ gùn dé ibi tí wọ́n to àwọn ìgò kan sí. Dírẹ́sà ní inú ìgò wọ̀nyí ni agbára irin náà ti ń wá, pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń fi wáyà ránṣẹ́ ni wọ́n ti yá wọn. Ó fi abẹ́rẹ́ kan sórí tábìlì, ó sún irin náà mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ sì fò lọ bá a. Bàbá mi fà sẹ́yìn. Ọwọ́ wọn lọ sí àyà.

Wọ́n kán omi kan sí mi lójú tó mú ara ojú kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn òṣìṣẹ́ méjì wọlé láti dì mí mú sórí pákó. Ọkùnrin àjèjì kò fọwọ́ kàn mí rí. Nígbà tí èkíní gbá mi léjìká mọ́lẹ̀, mo bù ú jẹ lọ́wọ́ títí ẹnu mi fi kún fún iyọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó gbá mi létí. Bàbá mi gbá òun náà, ó sì fi orí gbá ilẹ̀kùn jáde. Èkejì tẹ̀ lé e fúnra rẹ̀.

"Kò sí ẹni tí yóò lè gé ojú tó ń jà," dírẹ́sà wí. "Ẹ bá a sọ̀rọ̀."

Bàbá mi kò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀ síbi orí mi, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì há orí mi láàárín bí ìgbà tí ẹ̀mú bá di irin mú. Ìyá mi dùbúlẹ̀ lé orúnkún mi. Ara mi sì rọlẹ̀. Ọwọ́ yẹn ni mo mọ̀.

Dókítà gbé wáyà tó rí bí ẹsẹ̀ ẹyẹ sí mi lójú, ojú kò lè padé mọ́. Ó sún irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ mi. Kò tíì kàn mí tí mo fi rí nǹkan dúdú tó ń dìde láti ìpéǹpéjú mi, tó ń dìde láti ìdí irun ojú, tó sì ń tò sẹ́nu irin náà bí irùngbọ̀n. Dókítà dá ọwọ́ dúró. Ó béèrè ọ̀rọ̀ kan.

"Ó ní, irin mélòó ló wọ ojú ọmọ yìí?" dírẹ́sà wí. "Kí lẹ fi sí i?"

"Omi irin," bàbá mi wí.

"Omi kí ni?"

"Omi àgbẹ̀dẹ. A fi wẹ̀ ẹ́."

Dírẹ́sà sọ ọ́ fún dókítà. Òyìnbó náà fi ẹ̀ṣẹ́ lu tábìlì tí àwọn irin inú àpótí fi fò, ó sì ń kígbe mọ́ wa lédè rẹ̀. N kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n èébú kò nílò ògbufọ̀. Bàbá mi ń wo irùngbọ̀n dúdú náà.

Wọ́n fi omi iyọ̀ fọ ojú náà, wọ́n fọ̀ ọ́ títí tí irin náà kò fi rí nǹkan kó mọ́. Dókítà wá mú ọ̀bẹ tín-ín-rín. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀. Ó gé ara funfun ojú mi létí ìsàlẹ̀. N kò mọ ìrora, mo kàn mọ̀ pé nǹkan kan ya. Ó tún gbé irin afà náà sọ̀kalẹ̀ láti fi ẹnu rẹ̀ sójú ibi tó gé.

Kà!

Irin náà yà bàrá, ó gbá mi nímú, ó sì lẹ̀ mọ́ ọrùn ọwọ́ bàbá mi.

Ẹ̀gbà irin wọn ni. Nílé wa, ọjọ́ tí ọmọkùnrin bá kọ́kọ́ gbé òòlù ńlá ni bàbá rẹ̀ máa ń rọ ẹ̀gbà irin sí i lọ́wọ́, tí á fi òòlù pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò ní ojú ṣíṣí. Ó máa ń wà lọ́wọ́ onítọ̀hún títí wọ́n á fi sin ín. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ bàbá mi débi pé àwa ará ilé kò rí i mọ́. Dókítà ti bọ́ aago tirẹ̀, ó ti ní kí ìyá mi gbé kọ́kọ́rọ́ tó wà ní ìdí aṣọ wọn síta, ṣùgbọ́n kò wo ọwọ́ bàbá mi.

Ó já irin rẹ̀ gbà, ó sì fi ìdí rẹ̀ kan bàbá mi lọ́mọ ìka. Bàbá mi fi ọwọ́ kan dì í mú láyà ẹ̀wù, wọ́n sì gbé e sókè. Ẹsẹ̀ òyìnbó kúrò nílẹ̀. Ojú mi wà ní lílà, ó ti gé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ sétí mi, àwọn méjèèjì sì ń mí sókè orí mi bí akọ ewúrẹ́.

"Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀," dírẹ́sà wí wẹ́rẹ́. "Bàbá, ojú ọmọ yín ti ṣí. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ jẹ́jẹ́."

Wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ẹ bọ́ ẹ̀gbà yẹn."

"Ikú ni í bọ́ ọ."

"Ó dáa. Ẹ jáde nígbà náà, kí ẹlòmíràn dì í mú."

Bàbá mi gbé ọwọ́ kúrò lórí mi. Ibi tí ọwọ́ wọn wà tẹ́lẹ̀ tutù. Èmi tí ohùn mi kì í jáde kọjá etí ìyá mi, mo pariwo débi pé àwọn tó wà níbi òkúta yíjú.

"Bàbá mi ni kó dì mí mú! Bàbá mi ni!"

Wọ́n wò mí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, mo sì fi ojú kejì rí wọn. Wọ́n rìn lọ síbi irin rélùwéè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ́, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n sì gbé ọrùn ọwọ́ lé e.

"Gbé òòlù rẹ."

Bàbá Kékeré wo òòlù, ó wo ọwọ́. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbà yẹn kò ní àyè. Ẹran ara yín wà lábẹ́ ẹ̀."

"Mo mọ̀ ọ́n. Gé e."

"Ẹ̀rù ò bà yín? Lẹ́yìn ẹ̀mú tí ẹ fi gbá mi?"

"Ẹ̀rù rẹ ò bà mí rí."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí mo bá fẹ́ gbẹ̀san, ọrùn yín gan-an ni mo máa ní kí ẹ gbé lé e."

Ó fi irin ìgé sí i, ó lù ú. Ó tún lù ú. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan kan fọ́, irin ìgé sì yọ̀ kọjá lọ sínú ẹran. Mo rí bí ẹ̀yìn bàbá mi ṣe ká kò. Bàbá Kékeré ju òòlù nù, ó fi ọwọ́ méjèèjì fa ẹ̀gbà náà là, ó já a jáde pẹ̀lú awọ. Ó ń sunkún. Bàbá mi fi etí agbádá wé ọwọ́ náà, wọ́n wọlé, wọ́n sì tún kúnlẹ̀ síbi orí mi.

Ẹ̀jẹ̀ wọn kán sí mi létè. Dókítà wo aṣọ tó ń pupa, ó wo ojú bàbá mi. Ó gbé irin rẹ̀.

Wọ́n ti ní omi tí wọ́n kán sí mi yóò pa ìrora. Ara òde ojú ló pa. Nígbà tí ẹnu irin náà kan ibi tí wọ́n gé, inú lọ́hùn-ún ni nǹkan ti dáhùn. Ó dà bí ẹni pé gbòǹgbò kan wà láti ẹ̀yìn ojú mi lọ sí ìpàkọ́, tí ẹnìkan sì ń fà á tu. Mo rí mànàmáná tí kò sí níta. Mo fẹ́ dìde, ọwọ́ bàbá mi kò gbà. Mo fẹ́ pariwo, etè mi kò yà. Gbòǹgbò náà fà, ó fà, ó já. Mo gbọ́ ìró kan, kékeré bí ìgbà tí a bá fi èékánná pa iná orí.

"Ó jáde," dírẹ́sà wí.

Ó fi í hàn mí nínú àwo. Kò tó orí èèrà.

Wọ́n di ojú mi méjèèjì, wọ́n fi àpò iyanrìn ti orí mi lọ́tùn-ún lósì kí n má baà mì ín. Mo wà bẹ́ẹ̀ nínú àgọ́ náà lọ́jọ́ púpọ̀, mò ń gbọ́ òòlù àwọn òṣìṣẹ́, mò ń gbọ́ pàṣán. Níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ nígbà tí olórí àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú wá bá bàbá mi. Arúgbó ni, ọ̀pá rẹ̀ ń dún lórí òkúta kí ó tó dé.

"Ta ló fún ọ láṣẹ láti gé ẹ̀gbà baba rẹ?" ó wí.

"Ọmọ mi ni, Bàbá."

"Ọmọ mélòó lo ní?"

"Ojú mélòó ló ní, Bàbá?"

Mo gbọ́ nígbà tí ọ̀pá ba bàbá mi. N kò mọ ibi tó bà wọ́n. Arúgbó náà ní wọn kò gbọdọ̀ gbé òòlù ńlá mọ́ títí àwọn àgbà yóò fi jókòó lé e, bí ojú náà bá sì fọ́, kí wọ́n mọ̀ pé lásán ni wọ́n ta baba wọn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń dúpẹ́ nìyẹn bí wọ́n bá fẹ́ kí ènìyàn lọ. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n jókòó tì mí, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń mí. Ohun tí mò ń gbàdúrà fún lábẹ́ aṣọ náà kì í ṣe ojú mi nìkan mọ́.

Nígbà tí dókítà wá tú aṣọ náà, gbogbo wa ló wà níbẹ̀. Ó fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún mi. Ìmọ́lẹ̀ kọ́kọ́ wọlé bí omi ìdọ̀tí. Lókè, òkùnkùn kan wà tí kò lọ, bí etí fìlà tí wọ́n fà sílẹ̀ jù. Kò tíì lọ títí di òní. Ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀ mo rí bọ́tìnnì. Mo rí ọwọ́ kan tó ga sókè.

"Ìka mélòó?" dírẹ́sà béèrè.

Wọ́n pọ̀ jù nínú yàrá náà. Gbogbo wọn ló ń wo ẹnu mi. Ọ̀rọ̀ kò jáde.

"Ó ní ìka mélòó lo rí, arábìnrin?"

Mo wo ilẹ̀. Dókítà sọ ọwọ́ kalẹ̀. Mo gbọ́ ìyá mi tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún jẹ́jẹ́, bí ẹni pé òkú ti wà nílé. Bàbá Kékeré jáde síta. Bàbá mi kò kúrò lójú kan. Dókítà mí kanlẹ̀, ó bá dírẹ́sà sọ̀rọ̀ méjì mẹ́ta, lẹ́yìn náà, láìkìlọ̀, ó ju ẹ̀ṣẹ́ sí mi lójú.

Ó fẹ́ dá a dúró kí ó tó kàn mí. N kò mọ̀. Mo rí ẹ̀ṣẹ́ ńlá funfun tó ń bọ̀, mo gbá a sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo sì fi ọwọ́ kejì fọ́ òyìnbó náà létí. Ó dún káàkiri yàrá. Ó ta gọ́ọ̀gọ̀ọ́ lọ bá tábìlì, ó di etí mú.

Dírẹ́sà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, kò ṣeé bò. Dókítà náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, etí rẹ̀ pupa bí epo.

Bàbá mi sún mọ́ dírẹ́sà.

"Bá mi bi í," wọ́n wí, "bóyá kí ọmọ mi tún lù ú, kí ó lè dá a lójú."

"Mẹ́ta ni," mo wí fún ilẹ̀. "Ìka mẹ́ta ló gbé sókè."